Òkété àti Àpótí Ìjàpá Tí Kò Ṣeé Ṣí

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá gbàù, ó fò kọjá ààtàn, ó balẹ̀ sórí Òkété. Àjàní, fi ìrù ajá yẹn sílẹ̀ kí o gbọ́.

Òkété ní àbúrò obìnrin kan tó ń gbé òdìkejì odò pẹ̀lú ọmọ mẹ́jọ. Nígbà ọyẹ́ ọdún kan, iná sọ nígbó tọ̀húnún. Òkété rí i, ó kígbe títí ohùn rẹ̀ fi há, àbúrò rẹ̀ kò gbọ́. Iná mú méjì lọ nínú àwọn ọmọ náà. Òkété fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó ní, "Ọyẹ́ mìíràn kò ní dé kí n má ní ohun tí yóò gbé ohùn mi kọjá odò."

Ló bá ń ṣa àfọ́kù rédíò lórí ààtàn àwọn èèyàn, ó ń fi ṣe sípíkà. Ọ̀bọ náà ń ṣe é lórí igi, Ọ̀kẹ́rẹ́ náà ń ṣe é nínú ihò. Ṣùgbọ́n kálukú ń fi ewé bo ẹ̀yìn iṣẹ́ tirẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà jí ọgbọ́n rẹ̀. Ọ̀bọ ní wáyà, kò ní irin tó ń fa irin. Òkété ní irin, kò mọ wáyà ká. Sípíkà gbogbo wọn kàn ń ṣe hẹ̀ẹ̀ bí àgbà tó ní ikọ́.

Òkété gba ọ̀dọ̀ Ọ̀bọ lọ. "Ọ̀bọ, jẹ́ ká dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Òfin kan péré la máa ní: ẹni tó bá gbé iṣẹ́ wá, kó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ ká wò."

Ọ̀bọ rojú. "Wọ́n á jí ọgbọ́n mi."

"Ọgbọ́n tí ò tíì lè sọ̀rọ̀, ta ló fẹ́ jí i?"

Ọ̀bọ rẹ́rìn-ín, ó gbà. Ọ̀kẹ́rẹ́ náà gbà.

Lọ́jọ́ ìpàdé àkọ́kọ́, Ìjàpá gbé àpótí kan dé, ó ti fi amọ̀ rẹ́ ẹ pa yíká. Ó gbé e sílẹ̀, ó sún sẹ́yìn. Àpótí bá ké kírírírí, igbó gbà á. Ẹnu yà wọ́n.

Ìjàpá ní, "Ẹ kó gbogbo wáyà àti irin yín fún mi. N ó bá yín ṣe irú rẹ̀."

Òkété ní, "Bàbá Ìjàpá, ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ ká wò."

"Ẹ̀yin ọmọdé fẹ́ tú ìdí àgbà wò?"

Ọ̀bọ ti ń kó wáyà rẹ̀ lọ bá a. Ọkàn Òkété bàjẹ́, ẹgbẹ́ ń tú lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tẹ́tí. Bí ẹsẹ̀ Ọ̀bọ bá ti súnmọ́ àpótí, kìtì kìtì, àpótí á dákẹ́. Bó bá dúró, yóò tún ké. Òkété ní, "Láti ìgbà wo ni sípíkà ti ń bẹ̀rù ẹsẹ̀?" Ó bá dá orin:

Àpótí tó ń sọ̀rọ̀ o —
Ṣí i ká wò.
Tó gbọ́ ẹsẹ̀ tó dákẹ́ —
Ṣí i ká wò.
Bó jẹ́ wáyà ló wà níbẹ̀ —
Ṣí i ká wò.
Ìjàpá, ọkọ Yánníbo —
Ṣí i ká wò.

Ẹ gbè é dáadáa. Ọ̀bọ gan-an ti ń gbè é. Òkété ki eyín bọ amọ̀, ó họ ọ́ wàrà wàrà. Ìrẹ̀ ló fò jáde, pọ́ọ́! "Ìjàpá ní òun á fún mi ní ewé. Láti àná, mi ò tíì jẹun."

Ìjàpá ti wọ igbó lọ.

Ojú ti Ọ̀bọ. Òun ló kọ́kọ́ ṣí ewé kúrò lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ wò ó, ó ní, "O ò ha orí wáyà yìí kí o tó so ó." Wọ́n ha á, wọ́n fi irin Òkété sí i. Sípíkà lahùn.

Ọyẹ́ dé, iná tún sọ. Òkété gbẹ́nu sún mọ́ ẹ̀rọ. "Àbúrò mi, iná ń bọ̀, kó àwọn ọmọ wá sétí odò." Ohùn náà kọjá odò réré. Ó rí àbúrò rẹ̀ tó sáré jáde. Ó ka àwọn ọmọ: ení, èjì, títí dé ẹ̀fà. Wọ́n pé. Òkété jókòó sílẹ̀, ó sunkún.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi fìdí kalẹ̀ sí. Ó kọ́ wa pé ọgbọ́n tí a fi pamọ́ kì í dàgbà, àti pé ẹni tí kò jẹ́ ká wo iṣẹ́ rẹ̀, ká má fi tiwa lé e lọ́wọ́. Bí irọ́ bá sì wà nínú àlọ́ tèmi náà —

Ṣí i ká wò.