Òkété àti Orúkọ Tí Wọ́n Ń Pè Lẹ́nu Ibodè

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ sún fún àwọn àgbà, kí wọ́n ráyè jókòó. Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lórí òkè, kò bà ní ọ̀dàn. Ẹnu ibodè ló bà sí, ó sì bá Òkété níbẹ̀ tó ń fi imú wá oúnjẹ kiri.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko tẹ ìlú kan dó. Ìlú náà gbòòrò débi pé èèyàn kò lè dúró lẹ́nu ibodè kó pe ará ilé kankan kó gbọ́. Ni wọ́n bá fi Ayékòótọ́ sórí òpó ibodè. Ìdílé tó bá wọ̀lú yóò sọ fún un orúkọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ilé wọn, àti ẹni tí yóò jẹ́ ìpè nínú ilé náà. Erin sọ tirẹ̀: "Agbẹ́rù. Ilé Erin. Èmi fúnra mi." Ọ̀bọ ní: "Agọ̀pẹ. Ilé Ọ̀bọ. Àkọ́bí mi." Òkété ní: "Agbẹ́lẹ̀. Ilé Òkété. Èmi náà."

Ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ kò ní láti mọ̀nà ilé ẹnikẹ́ni mọ́. Yóò pe orúkọ iṣẹ́, Ayékòótọ́ yóò sì fi ohùn gooro gbé ìpè náà délé. Ẹni tó bá jẹ́ ìpè ló ni oúnjẹ tí olùpè gbé wá.

Iyán tí wọ́n ń gbé fún Erin wá ń wọ Òkété lójú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó yọ́ lọ bá Ayékòótọ́, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Bàbá onípè, ẹ kú ìjókòó. Bí wọ́n bá pe Agbẹ́rù báyìí, ilé mi ni. Agọ̀pẹ náà, ilé mi ni."

Ayékòótọ́ yí ọrùn. "Ohun tí wọ́n bá sọ fún mi kẹ́yìn ni mo ń pè. Ṣé apá rẹ á ká a?"

"Ẹ ṣáà máa pè."

Ẹtu wá pe Agbẹ́rù. Òkété gba iyán, igbá tigbá. Ó ní, "Ẹ máa lọ, mò ń bọ̀ lẹ́yìn." Kò lọ. Ìgalà wá pe Agọ̀pẹ. Òkété gba ẹ̀wà, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ní, "Baálé mi, iṣẹ́ tí a kò ṣe yìí á wá wa wálé o." Ó ní kó dákẹ́, kó bu ọbẹ̀. Erin tí kò gbọ́ ìpè mọ́ bá tirẹ̀ lọ sódò, ó ń wẹ̀.

Òjò ńlá wá rọ̀ nígbà tí Òkété wà lóko èkùrọ́. Ó padà dé, ó rí i pé igi ìrókò ti wó dí ẹnu ihò òun. Ẹnu kan ṣoṣo náà ni ihò ní. Àwẹ̀ró àti àwọn ọmọ wà nínú, omi sì ń ṣàn wọlé bá wọn, àwọn ọmọ ń ké. Òkété gbẹ́ apá ọ̀tún, àpáta ni. Ó gbẹ́ apá òsì, àpáta ni. Ó sáré lọ sẹ́nu ibodè.

"Igi ti wó dí ilé mi! Ẹ bá mi pe Agbẹ́rù!"

Ayékòótọ́ na ọrùn, ó gbé orin. Ẹ gbè é dáadáa, ẹ̀yin ọmọdé, ọmọ Òkété wà nínú omi:

Agbẹ́rù o, máa bọ̀,
— Máa bọ̀, igi ti wó.
Agbẹ́rù ilé Òkété,
— Máa bọ̀, igi ti wó.
Òkété, ìwọ ni wọ́n ń pè,
— Máa bọ̀, igi ti wó.

"Bàbá onípè, Erin ni mò ń wá."

"Ta ló ni Agbẹ́rù?"

"Èmi ni."

"Mo ti pè ọ́ nìyẹn."

Òkété wólẹ̀. "Ẹ dákun, ẹ dá a padà fún Erin."

"Ìwọ lo sọ ọ́, ìwọ ni kó o tú u. Sọ ọ́ sókè, kí ìlú gbọ́."

Ẹtu ti dé. Ìgalà ti dé. Ojú ti Òkété gan-an, ṣùgbọ́n ó rántí igbe àwọn ọmọ rẹ̀. Ó la ẹnu: "Agbẹ́rù, ilé Erin ni. Agọ̀pẹ, ilé Ọ̀bọ ni. Iyán yín ni mo fẹ́ jẹ."

Ayékòótọ́ tún pè. Erin gbọ́ lódò, ó dé pẹ̀lú omi lára, gbogbo wọn sì tẹ̀ lé Òkété lọ sẹ́nu ihò. Erin fi ọwọ́jà gbé igi náà sọnù. Àwẹ̀ró jáde, àwọn ọmọ rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Igbá onígbá léfòó tẹ̀ lé wọn jáde. Ẹtu mú tirẹ̀, Ìgalà mú tirẹ̀, ẹ̀rín sì pa gbogbo wọn.

Erin ní, "Oúnjẹ mi dà?"

Òkété tu èkùrọ́ kan ṣoṣo tó kù lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde, ó fún un. Erin gbé e mì, ó lọ.

Àtìgbà náà ni Òkété kì í ti í gbẹ́ ihò ẹlẹ́nu kan mọ́, alẹ́ ló sì ń jáde, kí ẹnikẹ́ni má bàa bi í léèrè iyán.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá gba orúkọ iṣẹ́ nítorí oúnjẹ ìdí rẹ̀, ọjọ́ tí wàhálà bá dé, ara rẹ̀ ni yóò máa pè. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó lọ ka ẹnu ihò òkété lọ́la.