Ìdí Tí Òfàfà Kò Fi Ní Ìrù, Tó sì Ń Ké Lálaalẹ́

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ìtàn yìí. Bí mo bá parọ́ nínú rẹ̀, kí gààrí má wù mí jẹ mọ́ láyé. Ó dáa, kí ó má wù mí jẹ fún ọjọ́ kan. Ẹ jẹ́ ká fi sí òwúrọ̀ kan péré, nítorí gààrí wà nílé lónìí.

Nígbà láéláé, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé a lè gé igi tà, òfàfà ní ìrù. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ òfàfà, ẹranko kékeré onírun ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ehoro lọ, orí igi ló ń gbé. Ìrù rẹ̀ ìgbà náà gùn, ó sì kún bí ìgbálẹ̀ tuntun. Ojú ọ̀sán ló máa ń jáde. Kì í pariwo rárá.

Inú Igbó Àfọ̀n ló wà. Àwọn ará abúlé Ìdí-Àfọ̀n náà wà níbẹ̀, àwọn ló ni igbó náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Wọn kì í gé igi tútù, èyí tó bá gbẹ ni wọ́n ń dá. Wọ́n ń jẹ èso àfọ̀n, wọ́n sì ń pọn omi nínú odò tí igi ṣíji bò.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n gbọ́ ìró ayùn lódìkejì odò. Gbégilọ, olórí àwọn agégẹdú, ti dé láti ìlú ńlá. Igbó tó wà lọ́hùn-ún, ó ti gé e tán.

Yéyé Àjíún, àgbà obìnrin tó ń darí abúlé, pe ènìyàn àti ẹranko jọ.

"A ò ní bá wọn jà," ó ní. "Ààlè ni ká pa."

Bí ẹnì kan bá so màrìwò ọ̀pẹ mọ́ ohun tirẹ̀, ààlè nìyẹn. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹni tó so ó nìkan ló sì lè tú u.

Wọ́n hun màrìwò ní okùn kan ṣoṣo. Wọ́n fà á láti igi dé igi, títí ó fi yí gbogbo igbó ká. Ó wá ku ìdè ìkẹyìn, èyí tó gbọ́dọ̀ wà lórí igi lókè pátápátá.

"Ọ̀bọ, gun igi náà," ni Yéyé Àjíún wí.

"Háà, Yéyé, ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Ìgbà wo ni ẹ̀yìn kì í dùn ọ́ bí iṣẹ́ bá dé?"

Òfàfà ló gùn ún. Ó fi ọwọ́ so ó, ó tún fi ìrù fà á le.

"Ìwọ lo so ó o," Yéyé Àjíún ké sí i láti ìsàlẹ̀. "Má tú u fún ẹnikẹ́ni."

"Yéyé, ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Nígbà tí àwọn agégẹdú dé, wọ́n rí màrìwò, wọ́n sì gbé ayùn sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. A kì í gé ohun tí wọ́n pa ààlè sí. Ẹ gé e fúnra yín."

Gbégilọ na ọwọ́, ó tún fà á padà. Ìyá tirẹ̀ náà ti kọ́ ọ nílé pé a kì í fọwọ́ kan ààlè. Ó wá béèrè ẹni tó so ó. Ọ̀bọ, tí ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn, nàka sókè.

"Ta ló ni ìrù tó ń dán báyìí?" Gbégilọ ké sókè.

"Èmi ni," òfàfà dáhùn.

"Irú ìrù báyìí! O wá fi í pamọ́ sínú òkùnkùn! Bí igi bá dín díẹ̀, oòrùn á tàn sí i. Gbogbo ìlú á máa wá wòran rẹ."

Òfàfà wo ìrù rẹ̀. "Igi mélòó?"

"Ẹyọ kan péré. Èyí tó dí oòrùn mọ́ ọ yẹn."

"Ẹyọ kan kò lè ba igbó jẹ́," òfàfà sọ fún ara rẹ̀. Ó tú ìdè náà.

Kò rántí pé okùn kan ṣoṣo ni. Okùn tú lára igi yìí, ó tú lára ìyẹn, ó ń já bọ́ yí igbó ká, títí gbogbo rẹ̀ fi wà nílẹ̀ bí òkú ejò.

"Ẹni tó so ó ti tú u!" Gbégilọ kígbe. "Ẹ dìde!"

Ayùn bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Yéyé Àjíún àti àwọn obìnrin sáré jáde, wọ́n dì mọ́ igi àfọ̀n tó tóbi jù.

"Ẹ gé wa mọ́ ọn!"

Àwọn agégẹdú ń fà wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Yéyé Àjíún ni wọ́n fà gbẹ̀yìn. Èèpo igi wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

Òfàfà sáré lọ tún okùn so. Ó fi ìrù yí ara igi àfọ̀n náà ká, ó ń fa okùn. Ayùn gé igi náà já, ó sì wó. Gbì! Ìrù òfàfà ti gé sábẹ́ rẹ̀.

Òfàfà wọ́ ẹsẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Yéyé Àjíún. "Yéyé, mo rò pé ẹyọ kan ni."

"Gbogbo wọn náà, ẹyọ kan, ẹyọ kan ni wọ́n ń gé wọn," ó dáhùn. "Nígbà tó yẹ kí o pariwo, ìrù lo ń wò. Lọ máa pariwo báyìí."

Odò gbẹ. Abúlé tú. Yéyé Àjíún ń sun àgbàdo tà nílùú báyìí, lórí bẹ́ǹṣì kan tí wọ́n yá a. Ó mọ igi tí wọ́n fi kan bẹ́ǹṣì náà. Ó fọwọ́ pa kókó ara igi náà, ó sì yí àgbàdo rẹ̀ padà.

Láti ọjọ́ náà ni òfàfà kò ti ní ìrù mọ́. Láti ọjọ́ náà ni ojú ti ń tì í lọ́sàn-án, tó ń sá pamọ́ sínú ihò igi. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á gun orí igi, á máa figbe ta bí ẹni tó ń kìlọ̀. Igi tó kù láti gbọ́ ọ kò pọ̀ mọ́.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Irọ́ ni ọ̀rọ̀ ìrù. Èmi ni mo fi ìrù sí i nídìí, kí n lè rí nǹkan gé. Ti ọ̀bọ náà, mo kàn fẹ́ bú u ni. Gààrí òwúrọ̀ ọ̀la ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ti ayùn, àti ti àwọn tó dì mọ́ igi tí wọ́n fà kúrò, ìbá wù mí kí n jẹ́wọ́ pé èmi ni mo parọ́ rẹ̀.