Ìdí Tí Táyà Fi Ń Pariwo Bí Ìṣó Bá Gún Un

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ìtàn yìí. Bí mo bá purọ́, kí n má jẹ iyán mọ́ láyé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mú ti iyán kúrò níbẹ̀, nítorí mo fẹ́ràn iyán. Ẹ jẹ́ ká sáà sọ pé púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Nígbà láéláé, nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí kò sì nílò awakọ̀, táyà kì í sọ pé nǹkan dun òun. Ìṣó ì báà gún un, ẹ̀gún ì báà wọ̀ ọ́ lára, yóò panu mọ́ ni. Ìtìjú ni wọ́n ka igbe sí.

Ọkọ̀ eré-ìje kan wà nígbà náà tó ń jẹ́ Ìjìpupa. Kò ga ju ewúrẹ́ lọ, ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó bíi ti ẹja, ara rẹ̀ sì pupa bí ata. Bí ó bá ré kọjá, ó ti dé abúlé kejì kí adìẹ tó rántí pé ó yẹ kí òun sá.

Táyà mẹ́rin tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ le bí òkúta. Bí afẹ́fẹ́ inú wọn tilẹ̀ tán pátápátá, wọn á ṣì máa yí lọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní í mọ̀. Kògbọgbẹ́ ni ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn, òun náà ló sì lẹ́nu jù.

"Èmi ọmọ akọ!" ni yóò máa wí. "Ìṣó tó bá gún mi, òun ni kí ẹ kí kú ìrora!"

Ìjìpupa á bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbàdí ń ro ó. Kò sí kòtò tí wọ́n bọ́ sí tí ẹ̀yìn rẹ̀ kì í jẹ ìyà rẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, iná ran ìgbẹ́ lórí òkè, ọyẹ́ sì ń tì í bọ̀. Ìyá Àparò sáré tọ Ìjìpupa wá. Ilẹ̀ ni àparò ń yé ẹyin sí, ẹyin tirẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa.

"Ìjìpupa ọmọ mi, èmi lè fò, ẹyin ò lè fò. Bá mi gbé wọn dé orí àpáta, níbi tí kò sí koríko tí iná lè jẹ. Ìwọ nìkan lo lè sáré ju iná yìí lọ."

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ kó wọn sórí àga mi."

Wọ́n fi koríko tẹ́ àga, wọ́n kó ẹyin sí i. Ìjìpupa rọra gbéra. Kò tí ì kọjá ìdí igi emi tí Kògbọgbẹ́ fi gun òkúta kékeré kan. Gbàgà! Ẹyin kan fọ́.

Ìyá Àparò kàn fi ìyẹ́ bo ẹyin tó fọ́ náà. Ìyẹn gan-an ló dun Ìjìpupa jù.

"Kògbọgbẹ́, ṣé o ò rí òkúta ni?"

"Mo rí i. Èmi kì í tẹ̀ fún òkúta. Òkúta ni kó tẹ̀ fún mi."

Ìjìpupa yí padà, ó wọ́ lọ sọ́dọ̀ Akàn, fọganáísà ìlú wọn, tó jókòó ti ọpọ́n omi rẹ̀. Akàn yọ ojú síta, ó yẹ Kògbọgbẹ́ wò lókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀.

"Háà! Ìṣó ló kún ara eléyìí! Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti tán. Ṣé ó sọ fún ọ?"

"Rárá o, Bàbá."

"Kí n sọ ọ́?" ni Kògbọgbẹ́ wí. "Ó kúkú yá kí n kú!"

Akàn mi orí. "Táyà rírọ̀ ni ẹyin ń fẹ́, ọmọ mi. Èyí tí yóò tẹ̀ díẹ̀ fún òkúta."

"Bí ẹ̀gún bá gún táyà rírọ̀ ńkọ́, Bàbá? Yóò panu mọ́ títí yóò fi pẹlẹbẹ mọ́ ilẹ̀. Iná á sì ká wa mọ́ ojú ọ̀nà."

Akàn ronú díẹ̀, ó sì wọ́ táyà rírọ̀ mẹ́rin jáde. Wọ́n hunjọ bí awọ arúgbó. Pẹ̀sẹ̀ lorúkọ èyí tó ṣíwájú nínú wọn.

"Kò sí ohun tí a fi ń fẹ́ táyà láyé yìí ju ẹnu lọ," ni Akàn wí. "Èémí ara mi ni n ó fún yín. Ṣùgbọ́n àdéhùn kan wà: bí nǹkan bá gún yín, ẹ pariwo."

Ojú ti Pẹ̀sẹ̀. "Bàbá, wọ́n á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́."

"A ó ṣe é dáadáa!" ni Kògbọgbẹ́ ké. "Ẹ̀yin ojo! Ẹkún yín á pọ̀ ju ìrìn yín lọ!"

Pẹ̀sẹ̀ wo Ìyá Àparò tó sàba lé ẹyin rẹ̀ lórí àga. Ó wo èéfín tó ń bọ̀.

"Mo gbà," ló wí. "Ẹ máa fẹ́ ẹ, Bàbá."

Akàn fẹ́ wọn, ó fẹ́ wọn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Ó tú àwọn táyà líle kúrò, ó de àwọn rírọ̀ sí i. Ó gbé ọpọ́n omi rẹ̀, ó sì wọnú ọkọ̀.

Ìjìpupa ki eré mọ́lẹ̀! Wọ́n gun òkúta, Pẹ̀sẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, ẹyin kàn ń mì bí ọmọ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ìbàdí Ìjìpupa kò ro ó rárá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin.

Àfi bí ẹ̀gún ṣe gún Pẹ̀sẹ̀.

Ó dùn ún wọnú egungun, bí táyà bá ní egungun. Ó rántí ẹ̀rín Kògbọgbẹ́, ó sì di ẹnu rẹ̀ mú. Iná ń ta pàpàpà lẹ́yìn wọn. Ó gbọ́ tí Ìyá Àparò ń rọ ẹyin rẹ̀ lókè pé, "Ẹ mú un mọ́ra, ó ku díẹ̀." Pẹ̀sẹ̀ bá la ẹnu.

"Ṣíììììì! Ó gún mi o! Èmi ni o, ọ̀tún iwájú!"

Ìjìpupa dúró gbọn-in. Akàn bẹ́ sílẹ̀, ó da omi sí Pẹ̀sẹ̀ lára. Ibi tí omi ti hó ló ki ẹmú ọwọ́ rẹ̀ bọ̀, ó fa ẹ̀gún yọ, ó fi oje igi dí ojú ihò, ó sì tún fẹ́ ẹ.

"O káre," ló wí. "Ká ní o panu mọ́ títí dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà níwájú yẹn, à bá ti ta tàkìtì wọnú iná."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa yìn ín lọ́nà!" ni Ìyá Àparò ké. "Iná ò dúró gbọ́ oríkì o!"

Wọ́n gun orí àpáta. Iná dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò rí koríko jẹ, ó sì kú. Ní òwúrọ̀, ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í pa lórí àga. Ọmọ àparò àkọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ó dúró lórí Pẹ̀sẹ̀, ó sì yàgbẹ́ sí i. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Pẹ̀sẹ̀ ló rín in jù.

Nígbà tí wọ́n padà délé, Kògbọgbẹ́ wà níbi tí wọ́n fi í sí. Ó wò yíká bóyá ẹnìkan ń gbọ́.

"Bàbá," ló sọ fún Akàn jẹ́jẹ́, "àwọn ìṣó yìí ń dùn mí."

"Mo mọ̀, ọmọ mi," ni Akàn wí. "Yí súnmọ́ mi, kí n yọ wọ́n."

Láti ọjọ́ náà ni táyà rírọ̀ fi ń ké ṣíì bí ìṣó bá gún un, tí ọkọ̀ sì fi ń dúró gbọ́ tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà bákan náà ni akàn fi ń yọ ìfóófòó lẹ́nu, torí èémí táyà ṣì kù sí i lẹ́nu.

Ó dára, ti ìfóófòó yẹn, èmi ni mo fi kún un. Mo wo akàn títí, n kò mọ ohun tó ń mú ẹnu rẹ̀ hó, mo bá fún un ní ìdí kan. Ti táyà ní tirẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀: ẹ súnmọ́ èyí tí ìṣó gún, kí ẹ dẹtí sílẹ̀.