Bàǹtẹ́ Sányán Lójú Agbo Ìjàkadì

Gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà ní ìlú Ìdí-Ahùn tí ń jẹ́ Látúnjí. Odó àti ọmọ odó ni ó ń gbẹ́ tà, odó rẹ̀ sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìyàwó fi ń rù ú lọ sílé ọkọ ní ìlú mìíràn. Ohun tí ó ń dun Látúnjí ni pé wọn kò fi odó mọ̀ ọ́n ní ìlú tirẹ̀. Ìjàkadì ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ó wà ní kékeré, kò sí ọmọ tí kò dá a rí, títí kan Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀, ẹni tí ó dá a nígbà tí àwọn méjèèjì kò tíì mọ̀ pé àwọn yóò fẹ́ra. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá pàdé nídìí ẹmu, ibi yòówù kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ̀yìn Látúnjí ni wọn yóò parí rẹ̀ sí, àti bí ẹ̀yìn náà ti máa ń kó eruku tó.

Nítorí náà, nígbà tí Ìlọ̀rí ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dá àwọn ọmọ tí ó jù ú lọ, inú Látúnjí dùn ju inú ẹni tí ó jogún oko lọ.

Gbogbo ọmọ ni ó ń jìjàkadì ní Ìdí-Ahùn. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, wọn a kó ara wọn jọ sábẹ́ igi ahùn ńlá kan, níbi tí arúgbó tí wọ́n ń pè ní Baba Alágbo ti ń ṣe olórí wọn. Òfin ibẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tí ó bá wá ni yóò jà. Ẹni tí ó bá dá ẹnìkejì rẹ̀ ni yóò fà á dìde, tí yóò sì gbọn eruku ẹ̀yìn rẹ̀ nù. Ẹni tí kò bá lè jà mọ́ yóò jókòó, yóò gbe orin. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Àjàyí, ẹni tí ó dojú bolẹ̀ wáyé bí orúkọ rẹ̀ ti wí, tí kò sì tíì jáwọ́ nínú ìwà náà. Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án ni ó ti ń ṣubú. Síbẹ̀ kì í pa ọjọ́ kan jẹ, òun náà ni ohùn rẹ̀ sì dùn jù lọ nínú orin.

Agbo yìí ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀. Bàǹtẹ́ kan ni, tí wọ́n fi ìrépé aṣọ láti gbogbo ilé tí ọmọ ti ń wá ṣeré rán pọ̀, tí wọ́n sì so ṣaworo mọ́ etí rẹ̀. Àwọ̀ kan kò bá èkejì mu lára rẹ̀. Inú igbá ní ilé Baba Alágbo ni ó ń gbé, ẹni tí ó bá sì máa ṣojú ìlú lóde ni ó ń ró o. Òfin kan ṣoṣo ni ó dè é: bí ẹ̀ṣọ́ bá jáde nílùú, gbogbo agbo ni yóò tẹ̀lé e, ẹni tí ń dá ni àti ẹni tí wọ́n ń dá.

Ní ọdún kan Látúnjí ru odó lọ sí Òkè-Ẹ̀sún ní àsìkò ọdún ìjẹṣu, ó sì rí bí wọ́n ti ń jìjàkadì níbẹ̀. Ó rí ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Olúgbodì, tí òkìkí rẹ̀ ti kàn dé ìlú tí òun fúnra rẹ̀ kò dé rí. Nígbà tí ó padà délé, kò lè jẹun. Ó sọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé eré lásán ni àwọn ń ṣe lábẹ́ igi ahùn, pé níbòmíràn iṣẹ́ ni wọ́n ń fi ìjàkadì ṣe. Ó ní òun yóò ṣa àwọn ọmọ tí ó lágbára jù, òun yóò sì máa kó wọn rìn láti ìlú dé ìlú.

Ó ṣa Ìlọ̀rí àti ọmọ márùn-ún mìíràn, ó pè wọ́n ní Ẹgbẹ́ Àṣàyàn. Ìlú kò sì rójú mọ́. Àwọn ìyá tí wọn kò ṣa ọmọ wọn kò kí Àṣàkẹ́ lódò mọ́, àwọn tí wọ́n ṣa ọmọ wọn sì yí ìrìn ẹsẹ̀ padà. Baba kan gbé iṣu wá fún Látúnjí pé kí ó jọ̀wọ́ kí ó tún ọmọ òun wò. Látúnjí jẹ iṣu náà, ó tún ọmọ náà wò, ó ní ohun tí òun rí tẹ́lẹ̀ ni òun tún rí.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni Ẹgbẹ́ Àṣàyàn ti ń ru odó gun òkè. Látúnjí ka àkàrà léèwọ̀ fún wọn, ó ka ẹ̀rín náà léèwọ̀, nítorí ó ní ẹ̀rín a máa tú agbára dànù. Ó kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọdọ̀ dé abẹ́ igi ahùn mọ́, pé ìṣubú ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ìlọ̀rí, tí ó fẹ́ràn orin Àjàyí, a máa dúró lẹ́yìn ògiri ní ìrọ̀lẹ́, a máa fetí sílẹ̀.

“Baba,” ó bèèrè ní ọjọ́ kan, “bí mo bá dá ẹni náà, ṣé kí n fà á dìde?”

“Bí o bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fà á dìde,” ni Látúnjí dáhùn, “ta ni yóò máa rí ojú rẹ?”

Wọ́n lọ sí àwọn ìlú kéékèèké, wọ́n dá àwọn ọmọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Òkè-Ẹ̀sún, àwọn àgbà ibẹ̀ sì ránṣẹ́ pé kí Ẹgbẹ́ Àṣàyàn wá bá Olúgbodì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jà ní ọdún ìjẹṣu. Àṣàkẹ́ ni ó rán ọkọ rẹ̀ létí pé ẹnikẹ́ni kì í wọ agbo Òkè-Ẹ̀sún láìṣe ẹ̀ṣọ́, láìní elégbè tí yóò gbe orin lẹ́yìn rẹ̀, nítorí àwọn ará ibẹ̀ kì í bá ọmọ tí wọn kò mọ ilé rẹ̀ jà. Ó ní kí ó lọ bá Baba Alágbo.

Látúnjí lọ, kò dùn mọ́ ọn. Ó bá arúgbó náà níbi tí ó ti ń so ṣaworo mọ́ etí bàǹtẹ́ náà.

“Ẹ̀ṣọ́ wà,” ni Baba Alágbo wí. “Wá mú un. Ọjọ́ wo ni gbogbo wa ń lọ?”

“Baba, ọmọ mẹ́fà péré ni wọ́n pè.”

“Bàǹtẹ́ yìí kò mọ mẹ́fà. Gbogbo agbo ni ó mọ̀.”

“Kí n mú Àjàyí dé Òkè-Ẹ̀sún, Baba? Kí ó lọ máa ṣubú lójú àlejò?”

Baba Alágbo yí bàǹtẹ́ náà padà, ó fi ìrépé kan hàn án ní ìdí rẹ̀. “Aṣọ ìyá Àjàyí nìyí. Òun ni ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí a bá yọ ọ́, yóò tú.”

Ara Látúnjí gbóná. Ó ní kí wọ́n máa tọ́jú ìrépé wọn, pé ibi tí àwọn bá dé ni àwọn yóò ti ṣe ẹ̀ṣọ́. Ó ní bí Ìlọ̀rí kò bá dá Olúgbodì, kí gbogbo ìlú gbọ́, òun Látúnjí ni yóò máa gbá abẹ́ igi ahùn lójoojúmọ́, títí ọjọ́ tí ọmọ òun yóò fi dá a. Baba Alágbo ní òun ti gbọ́, pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ìgbálẹ̀ wà.

Nígbà tí wọ́n dé Òkè-Ẹ̀sún, àwọn àgbà ibẹ̀ kí wọn dáadáa, wọ́n sì bèèrè ẹ̀ṣọ́ wọn àti àwọn elégbè wọn. Látúnjí ní wọ́n ń bọ̀ lọ́nà. Ó yára gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń tọrọ.

Ọ̀làwọ́ ni àwọn ará Òkè-Ẹ̀sún, inú rere wọn ni ó sì ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Opó arúgbó kan, Ìyá Ẹfúnyẹmí, ṣí àpótí, ó mú bàǹtẹ́ sányán kan jáde tí ó ń dán bí oyin. “Aṣọ ọkọ mi ni,” ni ó wí. “Mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé òun ni kí wọ́n tẹ́ sí mi láyà bí mo bá kú, kí ọkọ mi lè dá mi mọ̀ lọ́hùn-ún. Mi ò sì ní pẹ́ lọ mọ́. Nítorí náà, ẹ má pẹ́ dá a padà.” Baba ìkókó kan tú ṣaworo kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀, wọ́n sì so ó mọ́ ẹsẹ̀ Ìlọ̀rí. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò náà gbà láti ṣe elégbè. Látúnjí wo Ìlọ̀rí nínú sányán, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tí yóò rántí ẹ̀yìn òun mọ́.

Òjò ti rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ojú agbo sì tutù. Bí Ìlọ̀rí, tí yóò ṣojú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ti wọlé, àwọn elégbè tí wọ́n yá bẹ̀rẹ̀ orin fún un, ṣùgbọ́n wọn kò mọ oríkì rẹ̀, wọ́n sì ń kì í bí ẹni tí ń kí àlejò. Nígbà tí Olúgbodì wọlé, tí í ṣe àbúrò fún àwọn kan nínú wọn, ẹnu wọn tú. Wọ́n ki baba rẹ̀, wọ́n ki ìyá rẹ̀, wọ́n ki ajá ilé wọn.

Àwọn méjèèjì wọra. Ìlọ̀rí di ìbàdí Olúgbodì mú, ó ń sọ̀ kalẹ̀ kí ó lè gbé e, bí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ohùn kan sì dìde létí agbo, jẹ́jẹ́.

“Ọkọ mi, orúnkún rẹ. Ẹrẹ̀ wà níbẹ̀.”

Ìyá Ẹfúnyẹmí ni. Ó ti gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sí iwájú gbogbo ènìyàn. Ìlọ̀rí yára dìde. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, kò lè ṣàì dá àgbà lóhùn. “Ẹ má bínú, Ìyá,” ni ó wí, ó sì tún di Olúgbodì mú ní òòró. Ẹni tí ó bá sì ń jìjàkadì ní òòró, igi ni. Olúgbodì tì í síhìn-ín, ó tì í sọ́hùn-ún. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá fẹ́ tẹ̀ kalẹ̀, arúgbó náà a rán an létí ọ̀nà tí òun ń lọ àti aṣọ tí òun fẹ́ wọ̀ lọ.

Látúnjí ń kígbe pé kí ó gbàgbé aṣọ. Ìyá Ẹfúnyẹmí yíjú sí i, ó bèèrè pé ṣé òun ni ó sọ pé kí wọ́n gbàgbé aṣọ òun. Látúnjí dọ̀bálẹ̀ níbi tí ó wà, ó ní kì í ṣe òun.

Ibẹ̀ ni ìkókó tí wọ́n tú ṣaworo lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí ké, nítorí ó ń gbọ́ ìró ohun ìní rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn. Baba rẹ̀ wọ agbo, ó bẹ àwọn méjèèjì kí wọ́n fara dà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí tú ṣaworo náà. Olúgbodì, tí òun náà ní ẹ̀kọ́ ilé, bá wọn gbé ẹsẹ̀ Ìlọ̀rí dúró kí okùn náà lè yára tú.

Wọ́n tún wọra. Ní àkókò yìí Olúgbodì fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, Ìlọ̀rí sì mọ̀ pé òun ń ṣubú. Ó wo ẹrẹ̀ tí ń bọ̀, ó wo ojú Ìyá Ẹfúnyẹmí. Ó jọ̀wọ́ Olúgbodì, ó fi ọwọ́ méjèèjì tú bàǹtẹ́ náà kúrò lórí ṣòkòtò péńpé tí ó wọ̀ sábẹ́, ó gbé e sókè réré bí ẹni tí ń gbé ọmọ kọjá odò. Ọwọ́ tí ó yẹ kí ó fi jà ti kún. Olúgbodì kàn rọra tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹní. Láti inú ẹrẹ̀ tí ó wà, Ìlọ̀rí na aṣọ náà sí arúgbó, kò sí àbàwọ́n kan lára rẹ̀.

Agbo rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi jókòó. Ìyá Ẹfúnyẹmí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ká aṣọ rẹ̀, ó ní ọmọ tí ó gbọ́n jù lọ ní ọdún náà nìyẹn, pé ẹni tí ó bí i ṣe iṣẹ́ gidi. Látúnjí, tí ó ṣì dọ̀bálẹ̀, kò mọ bí òun yóò ti dúpẹ́. Olúgbodì ni ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ó fa Ìlọ̀rí dìde, tí ó sì nu ẹrẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìròyìn ti ṣáájú wọn délé. Gbogbo agbo ni ó jáde pàdé wọn ní ẹ̀bá ìlú, pẹ̀lú orin. Àjàyí ni ó ṣáájú tí ń sáré bọ̀, ó sì ṣubú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìlọ̀rí fà á dìde, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, Látúnjí kò sì kà á léèwọ̀. Ilé Baba Alágbo ni ó yà sí tààrà, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó mú ìgbálẹ̀.

Kò pẹ́ tí baba kan fi wá láti ìlú kejì, tí òun náà fẹ́ ṣa ọmọ jọ kí ó máa kó wọn rìn. Ó bá Látúnjí lábẹ́ igi ahùn níbi tí ó ti ń gbálẹ̀, ó bèèrè ibi tí ó dára jù láti kọ́kọ́ kó wọn lọ. Látúnjí na ẹ̀yìn, ó na ìgbálẹ̀ sí ọ̀nà tí ọkùnrin náà gbà wá.

“Ẹ padà sílé yín ná,” ni ó wí. “Ẹ lọ wo ohun tí ó wà nínú igbá.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn tí ń ṣeré nítòsí gbọ́, tí wọ́n gbé kiri títí ó fi di òwe lẹ́nu àwọn àgbà pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.