Àwẹ̀ró Ahunṣọ àti Ojú Tí Ó Fi Ń Tọ́ Ọmọ

Èéfín kò mọ ojú ìyálé yàtọ̀ sí ojú ìyàwó.
Omi tútù kì í bá ojú jà.
Ẹni tí ó ń ṣọ́ agbo kì í ta ojú rẹ̀ ra okùn.

Àwọn awo mẹ́ta tí ń jẹ́ orúkọ wọ̀nyí ni wọ́n dífá fún Àwẹ̀ró, ahunṣọ Òkè-Iṣin, nígbà tí ó ń fi ojú méjèèjì tọ́ ọmọ márùn-ún, tí kò rántí tọ́ ojú náà. Bí bàbá mi ti sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín.

Àwẹ̀ró mọ aṣọ hun. Kíjìpá tí ó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ìyá a fi pọn ọmọ, ọmọ náà a dàgbà, a sì tún fi pọn tirẹ̀. Ògúnrìndé ọkọ rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀. Oko rẹ̀ jìnnà, bí ó bá lọ, ó di ọjọ́ karùn-ún kí wọ́n tó rí i nílé. Nítorí náà, Àwẹ̀ró nìkan ni ó ń ṣe ìyá, tí ó ń ṣe bàbá, tí ó tún ń hun aṣọ. Ó ri òfì rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ààrò kí ó lè máa wo ìkòkò bí ó ti ń hun. Èéfín ń bọ̀ láti ọ̀tún, eruku òwú ń bọ̀ láti òsì, ojú rẹ̀ wà láàárín. Bí ó bá ń yún un, a fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra á, a sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó ń ṣomi, ó ń ṣepin. Ní ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró rí ọmọ rẹ̀ kan tí ó jókòó sórí ẹ̀gẹ́ tí òun sá sí ìta. Ó bá a wí títí, ọmọ kò dáhùn. Inú bí i, ó dìde lọ bá a. Ewúrẹ́ ni. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀, Àwẹ̀ró náà sì rẹ́rìn-ín. Ó ní kò tó nǹkan, yóò lọ.

Kò lọ. Òjò rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, omi kún kòtò amọ̀ tí ó wà lẹ́yìn ilé. Ìyá Òjé, àgbà amọ̀kòkò tí ó ń gbé ní ojúlé kejì, ni ó ni kòtò náà. Àwẹ̀ró wà nídìí òfì. Ó rí ohun pupa kékeré kan tí ó ń lọ nílẹ̀ lẹ́bàá òwú rẹ̀. Ó rò pé adìẹ ni, ó sì ju igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí i láti lé e. Ohun náà yára lọ sí ẹ̀yìn ilé. Kò pẹ́ tí Ìyá Òjé, tí ó rí gbogbo rẹ̀, fi wọlé. Ó gbé Fákúnlé dání, àbíkẹ́yìn Àwẹ̀ró, tí kò tíì mọ̀ ju kí ó máa rákò lọ. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ti rin fún omi kòtò.

Ìyá Òjé kò pariwo. Ó ní, “Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ ni ò ń lé.”

Àwẹ̀ró ju òwú sílẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbá ọmọ náà mọ́ra, kò sì fi í sílẹ̀ títí ọbẹ̀ fi jóná lórí ààrò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tọ àwọn awo mẹ́ta lọ. Wọ́n ní ire ọmọ wà nílé rẹ̀, ire iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tí yóò fi rí ire náà ń lọ. Wọ́n ní kí ó rú ìgbín méjì, ẹyẹlé funfun méjì àti àmù tuntun tí ó kún fún omi tútù. Wọ́n ní ẹbọ kò tíì parí. Kí ó kúrò nídìí òfì fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Kí ó gbé ààrò jáde síta. Kí ó má fi ọwọ́ ra ojú, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún ohunkóhun sí i, àfi ìyá awojú, oníṣègùn ojú tí ó wà ní Ìdí-Àpáta. Kí àwọn ará ilé bá a gbé iṣẹ́ rẹ̀.

Àwẹ̀ró rú ìgbín, ó rú ẹyẹlé, ó gbé àmù kalẹ̀. Nígbà tí ó kan ìsinmi, ó mi orí.

Ó ní, “Ẹyẹlé ni mo lè fi sílẹ̀, ẹ̀yin bàbá. Ìsinmi ni mi ò ní.”

Èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn dá a lóhùn pé, “Ẹni tí ó rú ìdajì ẹbọ, ìdajì ire ni yóò gbé délé.”

Ó padà sídìí òfì. Aládùúgbò kan ní kí ó fún omi àlùbọ́sà sójú, pé ó ti wo ìyá òun sàn. Àwẹ̀ró fún un. Ó jó o bí iná. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ kejì, ìpéǹpéjú rẹ̀ wú, kò lè là á mọ́. Ó ń fọwọ́ tá ògiri lọ sídìí ìkòkò. Àyìnkẹ́, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, mú ọwọ́ rẹ̀, ó mú un jókòó.

Ọjọ́ náà gan-an ni Ògúnrìndé ti oko dé. Àyìnkẹ́ ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, ti ewúrẹ́, ti kòtò, ti ìdajì ẹbọ. Ògúnrìndé kò bá aya rẹ̀ wí. Ó lọ sídìí òfì, ó tú u, ó ká okùn rẹ̀ jọ, ó fi há àjà.

Ó ní, “Iṣu lè dúró dè mí nínú ebè, Àwẹ̀ró. Ojú rẹ kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.”

Ó mú un lọ́wọ́ lọ sí Ìdí-Àpáta. Ìyá awojú kọ́kọ́ fọ ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù, ó fi aṣọ funfun mímọ́ rọra wẹ ojú náà, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní ká ní wọ́n tún fi ọjọ́ márùn-ún falẹ̀ ni, àlùbọ́sà náà ì bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ́ Àyìnkẹ́ tí ó tẹ̀ lé wọn bí a ti ń wẹ̀ ẹ́, ó sì ní kí wọ́n máa lọ. Ó kìlọ̀ fún Àwẹ̀ró pé bí ó bá padà sídìí aṣọ, kí ó máa gbé ojú kúrò lára òwú látìgbàdégbà, kí ó wo ọ̀nà jíjìn. Ó tún ní kí ó máa wá kí òun wo ojú náà lọ́dọọdún, ìbáà má dùn ún.

Nígbà tí wọ́n délé, Àwẹ̀ró jókòó. Jíjókòó náà kọ́kọ́ le ju iṣẹ́ lọ. Ó ń pàṣẹ láti orí ẹní: ẹ ro ọbẹ̀, ẹ ká aṣọ, ta ni ó ń sunkún? Nígbà tí ó ṣe, ó rí i pé ilé kò wó. Ìyá Òjé ń pọn Fákúnlé. Àyìnkẹ́ ń ran òwú. Ògúnrìndé gbé ààrò síta, ó sì ń se àsáró. Èyí tí ó kọ́kọ́ sè, iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ajá ilé fi kọ̀ ọ́. Ẹ̀rín tí àwọn ọmọ rín lọ́jọ́ náà, ará ọ̀nà ń dúró láti béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún pé. Àwẹ̀ró la ojú ní òwúrọ̀, ó mọ́ kedere. Wọ́n gbé Fákúnlé fún un. Ó rí àmì dúdú kékeré kan lẹ́yìn etí ọmọ náà, ó bi wọ́n pé kí ni ó ta á. Ògúnrìndé ní ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti bí i. Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó pe àwọn mẹ́rin yòókù, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí wọn.

Ó ri òfì mọ́ abẹ́ igi iṣin, ní ibi tí afẹ́fẹ́ wà. Ó hun aṣọ tí ọmọ ọmọ rẹ̀ fi pọn ọmọ, kò sì sí ẹni tí ó bá a fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó gbé ọpẹ́ lọ bá àwọn awo, àwọn awo gbé ọpẹ́ lọ bá Ifá. Bí ó ti ń lọ lọ́nà ni ó ń dárin:

Mo rú ẹyẹlé, ó kù díẹ̀.
Mo rú ìgbín, ó kù díẹ̀.
Mo rú ìsinmi kún un, ẹbọ pé.
Mo rí ọmọ mi, mo rí i tán.

Ifá kò ní kí òbí má ṣiṣẹ́. Ifá ní ohun tí ó bá nira jù fún wa láti fi sílẹ̀, òun gan-an ni ẹbọ ń béèrè. Àwẹ̀ró fi í sílẹ̀, ire rẹ̀ sì dé ní odindi.