Àwẹ̀ró Onífọ́nrán Òwú

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Àlọ́ mi yí gbiri, ó yí gbiri, ó dúró sórí ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àwẹ̀ró, àti Àjàgbé olójúkòkòrò.

Nílùú àwọn ahunṣọ kan, láyé àtijọ́, Àwẹ̀ró ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Àṣàbí. Àtìgbà tí wọ́n ti bí Àwẹ̀ró ni òye rẹ̀ ti ń rìn jẹ́jẹ́. Ó pẹ́ kó tó rìn, ó pẹ́ kó tó fọhùn. Ó dàgbà tán, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò ju ìwọ̀nba lọ. Nígbà tí ìyá wọn kú, tí Àṣàbí ń lọ sílé ọkọ, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Àwa méjèèjì lẹ ó gbé o." Ọkọ náà ní, "Ilé á gbà wá."

Kí ni Àwẹ̀ró ń ṣe? Fọ́nrán òwú tí àwọn ahunṣọ bá jù nù ló máa ń ṣà. Á mú igi tó dá, á mú àfọ́kù igbá, á dì wọ́n pọ̀, á wá máa fòwú wé e, wìrì wìrì, pupa lórí aró, funfun lórí pupa. Òmíràn á rí bí ẹyẹ tó sùn, òmíràn á rí bí aboyún tó jókòó. Bó bá ń wé e, á máa kọrin. Ẹ̀yin ọmọ, "Rọra wé e" lẹ ó máa gbè:

Igi dá, mo fòwú wé e.
*Rọra wé e.*
Igbá fọ́, mo fòwú wé e.
*Rọra wé e.*
Ẹni ń sunkún, ẹ mú un wá.
*Rọra wé e.*

Ìyá Àrẹ̀mú, olórí àwọn ahunṣọ, a máa lé e: "Ṣíọ̀! Má dí wa lọ́wọ́!" Àfi bí ikú ṣe mú ọmọ Ìyá Àrẹ̀mú lọ. Gbogbo ìlú wá kí i, ọ̀rọ̀ wọn ò wọ̀ ọ́ létí. Àwẹ̀ró ò mọ bí wọ́n ṣe ń kíni kú ọ̀fọ̀. Ó kàn gbé ohun rírọ̀ kan tó fòwú wé, tí kò ju ọmọ tuntun lọ, ó gbé e lé obìnrin náà lẹ́sẹ̀. Ìyá Àrẹ̀mú gbá a mọ́ra, ó sunkún, ó sunkún, oorun tó ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ bá gbé e lọ. Látọjọ́ náà, kò lé Àwẹ̀ró mọ́.

Ìgbà tó yá, Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ èyí tó ga ju èèyàn lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lásìkò òjò, ó parí rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Àwọn ará oko ń wá wò ó. Àjàgbé, àbúrò ọkọ Àṣàbí, ń fẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. Ó bi Àṣàbí pé,

"Ìyàwó, kí ló wà nínú nǹkan yìí?"

"Ọkọ mi, igi ni, àti igbá."

Àjàgbé rẹ́rìn-ín. "Ta ní í kó òwú tó tó báyìí wé igi? Iyùn ni! Ẹ fẹ́ dá a jẹ."

Lọ́jọ́ ọjà, tí ilé dá, ó yọ ọ̀bẹ. Fàà! Ó gé e. Igi. Fàà! Àfọ́kù igbá. "Ó ń bẹ nísàlẹ̀!" Fàà! Fàà! Nígbà tí àwọn ará ilé máa fi dé, òwú ti mù ún dé orúnkún, kò rí iyùn, kò rí nǹkan kan.

Àwẹ̀ró rí i. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò jẹun, kò mu omi, kò kọrin. Àṣàbí ń bẹ̀ ẹ́: "Àbúrò mi, jẹ díẹ̀, torí Ọlọ́run." Ẹ̀kọ di tútù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ara Àwẹ̀ró ń gbẹ.

Ìyá Àrẹ̀mú gbọ́. Ó dìde nídìí òfì, ó gbé òwú tó fẹ́ fi hun aṣọ ara rẹ̀, ó jókòó síwájú Àwẹ̀ró, ó gbé orin:

Àwẹ̀ró, gba òwú lọ́wọ́ mi.
*Rọra wé e.*
O wé mi nígbà ẹkún mi.
*Rọra wé e.*
Oore rẹ ò tán nínú mi.
*Rọra wé e.*

Àwọn ahunṣọ yòókù dé, wọ́n ń gbè é. Àwẹ̀ró gbójú sókè. Ó na ọwọ́, ó gba òwú. Ó ní, "Ebi ń pa mí." Àṣàbí fò sókè, ó sáré lọ gbé ẹ̀kọ gbígbóná!

Ọkọ Àṣàbí ń lé Àjàgbé àbúrò rẹ̀ jáde, àmọ́ Àwẹ̀ró na etí òwú sí Àjàgbé. "Dì í mú." Àjàgbé dì í mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Òun ló ń bá a di òwú mú títí iṣẹ́ tuntun fi parí. Kò jọ ti àkọ́kọ́. Òwú gbogbo ilé ló wà lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dúró, Àṣàbí kúnlẹ̀ níwájú àbúrò rẹ̀. "Mo ti ń rò ó pé èmi ni mò ń tọ́jú rẹ, àṣé ìwọ lò ń tọ́jú gbogbo wa. O ṣeun, Àwẹ̀ró. O ṣeun tó o bá mi wá." Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, ó fi orí lé e léjìká.

Ibi tí mo wé àlọ́ mi dé rèé, ibẹ̀ ni mo ti ta á ní kókó. Bí mo bá parọ́ mọ́ Àwẹ̀ró, kí ahọ́n mi lọ́ bí okùn.

Àlọ́ yìí kọ́ wa pé kò sí ọmọ tí Ọlọ́run dá lásán. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ tó wa lè ṣe wá lóore tó ju ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín, ẹ má fi ojúkòkòrò ba iṣẹ́ ọwọ́ wọn jẹ́. Bí wọ́n bá sì ṣe yín lóore, ẹ dúpẹ́.