Òkúta Tó Dí Ẹnu Ìsun

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Ààlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó gba etí ìsun omi lọ, ó bá òkúta ńlá kan níbẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin kan wà tí wọ́n jọ ń ṣe àáró. Lónìí wọn a ro oko ẹnìkan, lọ́la wọn a ro ti ẹlòmíràn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ló ní agbára tí ará ayé kò ní.

Àwòdì ń rí èèrà láti ojú ọ̀run. Ehoro ń gbọ́ bí koríko ṣe ń hù. Obìnrin ni Abọ́sẹ̀dé. Bó bá ń sáré, atẹ́gùn a kù sẹ́yìn. Ẹnì kẹrin ni Láníhun, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan. Ohun tí ogún ènìyàn kò lè gbé, òun nìkan a gbé e.

"Bàbá, ṣé ó lè gbé ilé yìí?"

Bí ẹ bá kọ́kọ́ jáde nínú rẹ̀, ó lè gbé e.

Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, Láníhun ló ń fi ìtì igi ńlá dábùú ẹnu ọgbà ewúrẹ́ ìlú. Bó bá ti fi í síbẹ̀, ẹranko kankan kò lè wọlé.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan. Àwọn obìnrin dé etí ìsun, wọn kò rí omi. Òkúta ńlá tó wà lókè ìsun ti sọ̀kalẹ̀, ó dí ẹnu ìsun pa. Ọ̀gbẹlẹ̀ sì ni. Ìsun mìíràn kò sí.

Ọba pe ìlú jọ. Ìkookò ló kọ́kọ́ dìde láàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Ó wọ agbádá tó balẹ̀.

"Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ yìí kò le. Ta ló lè ti òkúta náà ní ìlú yìí?"

"Láníhun nìkan ni," ni àwọn ará ìlú wí.

"Mo ti dákẹ́ tèmi," ni Ìkookò wí, ó sì jókòó.

Láníhun ní, "Kábíyèsí, n kò débẹ̀. Mo sùn ni."

"Ta ló rí ọ?" ni ọba bi í.

"Èmi nìkan ni mo ń gbé. Ẹni tó ń dá gbé kò ní ẹlẹ́rìí oorun."

Ọba ní kí oòrùn tó wọ̀, kí Láníhun fi ìlú sílẹ̀, kó má padà mọ́.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta pàdé lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́.

"Ojú mi ń ríran jìnnà," ni Àwòdì wí, "ṣùgbọ́n kò rí àná."

Ehoro ní, "Ohun tó ń dún ni mo ń gbọ́. Èyí ti dún tán."

Abọ́sẹ̀dé mi orí. "Kò sí ohun tí n kò lè lé bá. Àná nìkan ni."

"Ṣé lóòótọ́ ni, Bàbá? Kò sẹ́ni tó lè lé àná bá?"

Kò sí, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ehoro ní, "Kí Láníhun gbé òkúta náà kúrò, bóyá inú ọba á yọ́."

"Bó bá gbé e, wọn á ní, ẹ ò rí i?" ni Abọ́sẹ̀dé wí. "Agbára rẹ̀ ni wọ́n kà sí ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn. Àwa ni ká gbé e kúrò."

"Èmi yìí? Etí mi tóbi ju ara mi lọ."

"Gbé etí náà wá bẹ́ẹ̀."

Wọ́n gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ síwájú òkúta. Wọ́n so okùn mọ́ òkúta, wọ́n gbé okùn kọ́ èjìká. Ọba àti ìlú jáde wá wòran. Abọ́sẹ̀dé dá orin.

Ìyá yín àgbà ló máa ń gbè é fún mi. Lálẹ́ òní, ẹ̀yin ni.

Òkúta ńlá, ta ló tì ọ́?
*Àjùmọ̀tì.*
Ṣé ọwọ́ ẹnìkan ni?
*Àjùmọ̀tì.*
Láníhun kò débẹ̀ o.
*Àjùmọ̀tì.*

Wọ́n fà, òkúta kò mì.

Ìkookò rẹ́rìn-ín. "Ẹ rọra fi ẹ̀yìn yín ṣe é o. Ẹ ṣì máa nílò rẹ̀."

Wọ́n bu ẹrẹ̀ sórí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n tún fà. Òkúta mì. Ó yọ̀. Ó kúrò lẹ́nu ìsun, omi sì tú jáde.

Abọ́sẹ̀dé ní, "Kábíyèsí, ṣé Láníhun nìkan náà ni?"

"Òun nìkan kọ́," ni ọba wí. "Ta ló wá tì í?"

Abọ́sẹ̀dé fẹ́ fèsì, ó fọwọ́ kan èjìká, ó kérora. Okùn ti bó o. Ti Ehoro náà bó. Ìyẹ́ Àwòdì ti já dànù.

Ehoro wo èjìká wọn títí. "Kábíyèsí, ẹ ní kí gbogbo ìlú ṣí èjìká. Ẹni tó bá fa òkúta yìí, tàbí tó fi èjìká tì í, èjìká rẹ̀ á rí bíi tiwa."

Gbogbo ìlú ṣí èjìká. Ti Láníhun ń dán bí igbá. Ìkookò àti àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan ni kò ṣí tiwọn.

"Òtútù ń mú mi," ni Ìkookò wí.

"Nínú oòrùn yìí?" ni ọba wí.

Wọ́n bọ́ agbádá lọ́rùn rẹ̀. Èjìká rẹ̀ pọ́n yòò, ti àwọn ọmọ rẹ̀ náà pọ́n.

"Kí ni omi ṣe fún ọ?" ni ọba bi í.

Ìkookò wo ilẹ̀. "Omi kọ́, Kábíyèsí. Ewúrẹ́ ni. Bí Láníhun bá lọ, ta ni yóò gbé ìtì igi náà?"

Kí oòrùn tó wọ̀, Ìkookò ló fi ìlú sílẹ̀. Irun tó tún hù léjìká rẹ̀ kò tẹ́ mọ́. Ó ń dìde ṣánṣán títí dòní. Ọba dìde dúró, ó bẹ Láníhun níṣojú gbogbo ènìyàn.

Ẹ̀yin ọmọ, pé ènìyàn lè ṣe nǹkan kò sọ pé òun ló ṣe é. Bí wọ́n bá sì nàka sí ọ̀rẹ́ yín, tí agbára tí ẹ ní kò bá ràn án, ẹ fi èyí tí ẹ kò ní kún un.

Ibi tí ààlọ́ mi sọ̀ sí nìyí. Bí mo bá fi irọ́ lù ú, kí omi àárọ̀ ọ̀la má dùn lẹ́nu mi. Bí n kò bá purọ́, kí gbogbo wa sùn ire, ká jí ire.

"Àṣẹ, Bàbá."